Bí ẹ ṣe máa yan sánítáísà tí ò ní sọ ọwọ́ yín di èèpo igi

Ẹ̀yin ará Èkìtì Kete, ẹ kú ọyẹ́ o. Kí n tètè sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, n ò sì ta sánítáísà, POS ni mò ń ṣe lábẹ́ agbòòrùn ní Ajílósùn l'Adó níbí, owó ni mò ń kà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá mọ owó wa yìí dáadáa á ti mọ ibi tí mò ń lọ: owó tí wọ́n yọ nínú kọ́mú, owó ẹlẹ́ja tó ṣì ń rùn, igba náírà tí ẹ̀jẹ̀ ẹran ti gbẹ mọ́ lára, àti èyí tí oníbàárà máa fi itọ́ kà lójú mi kó tó nà án sí mi. Torí ẹ̀ ni sánítáísà kì í fi í kúrò lórí tábìlì mi, mo lè fi ra ọwọ́ ní ogún ìgbà lọ́jọ́ ọjà.

Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú èyí tó kọjá ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó kọ́kọ́ funfun bíi pé mo tọwọ́ bọ eérú, nígbà tó yá oríkèé ìka mi wá ń là, ẹ̀jẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀, tí mo bá fẹ́ jẹun lálẹ́ tí ata ọbẹ̀ bá wọ ibẹ̀, mo á fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ẹ gbọ́ o, ọmọ Èkìtì ni mí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣíbí jẹ iyán. Ìyá mi kàn ń wò mí ni, wọn ò tiẹ̀ bínú, àánú mi ló ń ṣe wọ́n.

Àǹtí mi kan wá ní ọtí inú sánítáísà ló ń jẹ awọ mi, kí n lọ ra èyí tó jẹ́ ti ewé, nátúrà. Mo rà á. Ike aláwọ̀ ewé, wọ́n ya àwòrán ewé etí erin (aloe vera) sí i lára, wọ́n kọ natural sí iwájú ẹ̀ gàdàgbà. Òórùn ẹ̀ dùn, ọwọ́ mi sì rọ̀, inú mi dùn, mo tún ra ìkejì. Ó tó oṣù kan kí n tó yí ẹ̀yìn ike náà padà kà á, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni omi, lọ́fínńdà, omi etí erin díẹ̀, òróró ewé kan báyìí, ó parí. Ọtí ò sí níbẹ̀ rárá. Àṣé omi olóòórùn dídùn ni mo ti ń fi ra ọwọ́ láàárín owó ẹlẹ́ran láti ọjọ́ yìí wá!

Bí mo ṣe rí i báyìí ni pé iṣẹ́ méjì ló wà nínú ike kan: ẹnì kan ń pa kòkòrò, ẹnì kan ń tọ́jú awọ. Ẹ jẹ́ kí ọtí ṣe tàkọ́kọ́, kí ewé àti òróró ṣe ìkejì. Tí ẹ bá gbé iṣẹ́ méjèèjì lé ewé lọ́wọ́, kòkòrò ò ní kú, tí ẹ bá sì gbé méjèèjì lé ọtí lọ́wọ́, ọwọ́ yín máa là bíi tèmi.

Kí ẹ tó náwó rárá

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá sánítáísà tiẹ̀ ni ẹ nílò. Tí omi àti ọṣẹ bá wà nítòsí, ẹ fọ ọwọ́ yín, ó parí. Ẹni tó ti oko ẹ̀gẹ́ dé tí iyẹ̀pẹ̀ wà lábẹ́ èékánná ẹ̀, ẹni tó ń ta àkàrà tí ọwọ́ ẹ̀ ń dán fún epo, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ po oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí kòkó, sánítáísà ò lè ṣe nǹkan kan fún wọn, orí ìdọ̀tí ló máa dúró sí. Ilé tí wọ́n bá sì ti ń ṣu gbuuru, tí wọ́n ń bì, ọṣẹ àti omi ni o, torí ó ní àwọn kòkòrò kan tó ń fa irú àìsàn yẹn tí ọtí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí gbé ṣe, norovirus jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Irú wa tá a jókòó sójú títì tá ò ní ẹ̀rọ omi, tí ọwọ́ wa ò sì fi bẹ́ẹ̀ dọ̀tí lójú, àwa gan-an ni sánítáísà wà fún.

Ìkíní: ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ẹ wá nọ́ńbà

Ẹ má wo iwájú, iwájú ni wọ́n ń ya òdòdó sí. Ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Nọ́ńbà tí ẹ ń wá ni 60% sókè, ó lè jẹ́ 62, ó lè jẹ́ 70, ó lè jẹ́ 80. Orúkọ tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni ethanol, tàbí ethyl alcohol, tàbí alcohol denat, tàbí isopropyl alcohol. Tí ẹ ò bá rí ìkankan nínú orúkọ yìí, tàbí tí ẹ rí orúkọ tí ẹ ò rí nọ́ńbà, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Wọ́n lè kọ alcohol-free sí òmíràn bíi pé oríire ni, àwọn kan nínú wọn ń lo kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní benzalkonium chloride, ìyẹn ń pa kòkòrò kan, ó ń fi òmíràn sílẹ̀, èmi ò ní tìtorí ẹ̀ fi ti ọlọ́tí sílẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣé kì í ṣe bó bá ṣe le tó ló ṣe máa dára tó, kí ló dé tá ò wá èyí tó jẹ́ ọtí pátápátá? Rárá o. Ọtí nílò omi díẹ̀ kó tó lè wọ inú kòkòrò lọ bà á jẹ́, èyí tí ò lómi nínú máa fò lọ kó tó ráyè ṣiṣẹ́, tó bá ti kọjá 95% agbára ẹ̀ tún ń dínkù ni. Ó sì máa bọ́ awọ yín láṣọ.

Fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ nátúrà yìí jẹ lógún gan-an (èmi náà wà níbẹ̀), ẹ má bẹ̀rù ọtí. Ìrèké, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ara wọn ni wọ́n ti ń pọn ethanol, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹmu kaná kó tó di ògógóró náà ni. Ewé tí wọ́n yà sára ike kọ́ ló máa sọ ọ́ di ti ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo sọ yìí lọ da ògógóró sínú ike o. Ògógóró tí wọ́n ń mu kì í sábà tó 60% yẹn, ẹ ò sì mọ ohun tí wọ́n fi lú u. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ibi tí ò jìnnà sí wa, àwọn èèyàn mu ògógóró tí methanol, ọtí kan tó jẹ́ májèlé, wà nínú ẹ̀, àwọn kan fọ́ lójú, àwọn kan kú. Methanol yìí náà ni wọ́n rí nínú àwọn sánítáísà kan ní 2020 nígbà tí kòrónà mú kí gbogbo ayé máa wá a lójú méjèèjì, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà pariwo ẹ̀ gan-an nígbà yẹn. Tí ẹ bá rí methanol tàbí wood alcohol lára ike, ẹ sá.

Ìkejì: ẹ wá ẹni tó ń tọ́jú awọ

Awọ wa ní òróró tiẹ̀ tó fi ń di omi mọ́ra, bí ìyá àgbà ṣe máa ń fi ìgbẹ́ màlúù tàbí ewé pa ilẹ̀ ilé kó má baà là. Ọtí ń ṣí òróró yìí kúrò díẹ̀díẹ̀, tí ọyẹ́ bá wá tún dé tí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi inú awọ á máa fò lọ, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Torí náà nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà nínú ike yẹn tó máa dí àlàfo náà.

Gílísíríìnì lọ̀gá wọn. Wọ́n lè kọ ọ́ glycerin tàbí glycerol. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti fa omi mọ́ awọ, òun náà sì lè wá láti ara òróró ewéko, nítorí náà ẹni tó ń wá nátúrà ti rí nátúrà. Kò tiẹ̀ dìgbà tó bá pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní àpòpọ̀ kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn tó fẹ́ máa po tiwọn: ethanol 80%, gílísíríìnì 1.45%, hydrogen peroxide 0.125%, omi ló kù. Ẹ wò ó, gílísíríìnì ò tiẹ̀ pé 2% níbẹ̀. Hydrogen peroxide yẹn, kì í ṣe ọwọ́ ló wà fún, kòkòrò tó bá sé ara ẹ̀ mọ́ inú èèpo líle (spores) nínú ike àti nínú àpòpọ̀ náà ló ń pa.

Lẹ́yìn gílísíríìnì, etí erin dáa, wọ́n máa ń kọ ọ́ aloe barbadensis. Tocopherol ni fítámì E. Panthenol náà ń mú awọ rọ̀. Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ náà sí, torí èyí tó pọ̀ jù lọ ni wọ́n sábà máa ń kọ ṣáájú, èyí tó kéré jù á kẹ́yìn. Tí etí erin bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn lọ́fínńdà àti lẹ́yìn aró tí wọ́n fi pa á láró, ẹ̀kán kan ni wọ́n fi sí i kí wọ́n lè rí àwòrán yà.

Lọ́fínńdà gan-an wá ni kí ẹ ṣọ́ra fún, parfum tàbí fragrance ni wọ́n ń kọ. Ó máa ń yún awọ ẹlòmíràn, ó lè sú sí i lára, pàápàá awọ tó ti là tẹ́lẹ̀. Òróró ọsàn àti tea tree náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, ti pé ara igi ni wọ́n ti wá ò yí i padà. Èyí tí ò rùn tí ò sì ta sánsán ni mo ń rà báyìí, òórùn ọtí á fò lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sí oníbàárà tó máa rò pé mo ti lọ mu ún.

Ìkẹta: ẹ fi ọwọ́ yín dán an wò

Bí mo ṣe máa ń ṣe é ní kẹ́místì nìyí. Mo á ní kí wọ́n bá mi ṣí èyí tí wọ́n fi ń han èèyàn, tí kò bá sí, mo á ra èyí tó kéré jù kí n tó ra ńlá. Mo á bu iye tó kún kòtò àtẹ́lẹwọ́, mo á fi ra ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, orí èékánná, àtàǹpàkò, títí á fi gbẹ. Ó yẹ kó gbà tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá gbẹ kí n tó ka mẹ́wàá, bóyá mo bu ú kéré ni, tàbí ó ti ṣàn jù bí omi, èyí tí wọ́n ń fín máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, èèyàn á fín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á rò pé òun ti ṣe nǹkan.

Lẹ́yìn náà mo á rìn káàkiri fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo á fi èékánná ha ẹ̀yìn ọwọ́ mi fẹ́ẹ́rẹ́. Tí ìlà funfun bá hàn bí ìgbà tí ọmọdé bá ha ẹsẹ̀ tí ò ra nǹkan sí, ìyẹn ń gbẹ awọ jù. Tó bá lẹ̀ mọ́ra bí oyin, ìyẹn náà ò dáa fún irú iṣẹ́ mi, owó á máa lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ (ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti ka ẹgbẹ̀rún kan náírà mọ́ owó oníbàárà nítorí ẹ̀ rí, ìyẹn náà ò dá a padà). Èyí tó dáa máa ń dà bíi pé ẹ ò ra nǹkan kan, ṣùgbọ́n awọ á rọ̀.

Ẹni tí awọ ẹ̀ máa ń tètè yún, kó fi díẹ̀ sí inú ọrùn ọwọ́ kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a. Tí sánítáísà bá sì ta yín bí ata, ẹ má tètè dá a lẹ́bi, ibi tó ti là tẹ́lẹ̀ ló ń ta, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ibẹ̀.

Ìkẹrin: nọ́ńbà NAFDAC àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rọ ọ́ sí ike àlòkù

Ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tó máa bà jẹ́, àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é. Ẹ wo ìdérí ẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Ní ọjà, ẹ lè rí ike tí lébẹ̀ẹ̀lì ẹ̀ ti yọ́ lápá kan, tí ohun inú ẹ̀ sì kún ju tí ìyókù lọ, ìyẹn ti kọjá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé tàwọn tó ń rọ ọ́ láti inú jálá wọ́n kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fomi là á, ẹ ò lè fojú rí i, nọ́ńbà 60% tí ẹ kà lẹ́yìn ike ti di irọ́ nìyẹn.

Methylated spirit tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn kí èèyàn má baà mu ún, kò sì sí gílísíríìnì nínú ẹ̀, lójoojúmọ́ ó máa jẹ ọwọ́ yín run.

Ẹ má pò ó fúnra yín ní kíṣìnnì

Èyí ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp jù: fún ọsàn wẹ́wẹ́, fi etí erin sí i, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó ti di sánítáísà. Iyọ̀! Ṣé a ti gbàgbé 2014 ni, nígbà Ẹ̀bólà, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún lóru, àwọn kan dèrò ọsíbítù, àwọn kan sì kú nídìí ẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tiẹ̀ ní wàhálà tiẹ̀, tí omi ẹ̀ bá wà lára awọ tí oòrùn wá pa á, ó lè bó bíi pé iná jó o, ojú ibẹ̀ á sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Èmi tó jókòó sínú oòrùn Ajílósùn, ẹ ò rí i pé mo máa di alámì.

Bí ẹ ṣe máa lò ó kí ọwọ́ má là

Ibi tí èmi gan-an ti ṣìṣe jù nìyí, jàre. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan bi mí bí mo ṣe ń ṣe é, mo ní mo máa ń bu omi sínú bọ́ọ̀lù, mo á da ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú sí i, mo á fọ ọwọ́, mo á wá fi sánítáísà lé e. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọṣẹ ìfọṣọ yẹn ló ń ṣí òróró awọ mi, sánítáísà kàn ń bá a parí iṣẹ́ ni. Torí náà ẹ mú ọ̀kan: tí ẹ bá ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún, ẹ má tún fi sánítáísà lé e lójú ẹsẹ̀. Ọṣẹ tí ẹ fi ń wẹ̀ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, kì í ṣe ti aṣọ. Ọwọ́ tútù náà ò dáa fún sánítáísà, omi á là á.

Òrí ló wá parí ẹ̀. Òrí gidi, ìyẹn tó yi tó sì rùn díẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá kan ní Ọjà Ọba ni mo ti ń rà á. Alẹ́ ni mo máa ń fi í, lẹ́yìn tí mo bá ti wẹ̀, tí awọ ṣì tutù díẹ̀, mo á fi àtàǹpàkò yọ́ ọ, mo á fi ra oríkèé ìka àti ẹ̀yìn ọwọ́, nígbà tó le gan-an mo tún wọ ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ sọ́wọ́ sùn. Ọjọ́ kẹrin ó ti yàtọ̀. Ẹni tí ò fẹ́ òórùn òrí, àdí àgbọn náà ń ṣe é. Àmọ́ ẹ má fi òrí ra ọwọ́ nípọn kí ẹ wá da sánítáísà lé e, ọ̀rá yẹn ò ní jẹ́ kí ọtí dé ibi tí kòkòrò wà. Sánítáísà ṣáájú, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, lẹ́yìn náà ẹ lè fi òrí díẹ̀.

Ibi tí ẹ máa fi í sí

Ọtí ni, iná ń mú un. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò lọ́sàn-án, ẹ má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ kí ẹ tó ṣáná. Ẹ gbé e kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, èyí tó bá ń rùn bí súwíìtì ni wọ́n máa ń fẹ́ tọ́ wò, bí ọmọ bá sì mu ún, ọsíbítù lẹ̀ ń gbé e lọ, ẹ má fún un ní epo pupa.

Tí ẹ bá ti yí sánítáísà padà, tí ẹ ti ń fi òrí fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọwọ́ ṣì ń là, tàbí tó ń ṣomi, tó ń wú, ẹ lọ fi han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ara yín ò gbà, ẹ sì mú ike yẹn dání lọ kí wọ́n lè ka ẹ̀yìn ẹ̀. Tèmi ti jinná. Alẹ́ àná, iyán àti ẹ̀fọ́ rírò tó ta dáadáa, ọwọ́ mi ni mo fi jẹ ẹ́.